Ìjàpá Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé, tí ẹ ń wá sí ẹ̀yìnkùlé mi níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti bi mí irú iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ ṣe, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ ki fóònù bọ àpò. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge títí tí eyín mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe: mo ń kọ ìtàn ẹranko tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìgbàgbọ́. Ewúrẹ́ tó ń gbàdúrà, pẹ́pẹ́yẹ tó ń bẹ̀rù omi títí ó fi gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, ẹṣin agbéraga tí Olúwa fi eṣinṣin kọ́ lọ́gbọ́n, èmi ni mo kọ gbogbo wọn.

Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ mi wá tọrọ mi ní ilé wa ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" Mo ní ìtàn ewúrẹ́ ni mò ń kọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ò ń sin ewúrẹ́?" Mo ní rárá, ewúrẹ́ inú ìwé ni, ó ń gbàdúrà. Wọ́n wo ara wọn lójú. Ìyá ọkọ mi ló gba gbogbo wọn sílẹ̀, ó ní kò burú, ara ọmọ náà ṣáà dá, kí wọ́n máa gbé e lọ. Ní ti owó oṣù, ẹ má bi mí. Mo jẹun, mo tọ́ ọmọ, ó parí síbẹ̀.

Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ni Màmá Àdùkẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ṣe ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nítorí pé ìtàn ẹranko ló kún inú rẹ̀, Ìwé Ẹranko ni àwọn ọmọ ń pè é. Màmá kéré lára, díẹ̀ ló fi ga ju ìgbálẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó bá wúkọ́ nínú yàrá, àwọn ọlọ́kadà tó wà ní títì á dákẹ́ ariwo. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo gbé ìwé àti bírò tuntun dání, mo wọ bàtà gogoro, mo rò pé òǹkọ̀wé ni mí.

Ó wo ọwọ́ mi. "Kí lèyí?"

"Bírò ni, mà."

"Gbé e sílẹ̀. Bọ́ bàtà yẹn náà. Lọ jókòó ti ewúrẹ́."

Ewúrẹ́ dúdú kan wà tí wọ́n so mọ́ ìdí igi máńgòrò. Èmi, ọmọ tó yege ìdánwò, mo jókòó tì í láti àárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá jáde sí mi. "Kí lo rí?"

"Ó jẹ koríko, mà."

"Báwo ló ṣe jẹ ẹ́? Ìhà wo ni àgbọ̀n rẹ̀ ń yí sí? Tí ẹ̀rù bá bà á, kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

Mi ò mọ ọ̀kankan. Ó ní kí n padà wá lọ́la. Mo padà wá lọ́la, mo padà wá lọ́tùnla, títí ewúrẹ́ náà fi ń wò mí bí ẹni pé òun ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ mi. Lọ́jọ́ kan ajá kan gbó lójijì, mo sì rí i. Mo sáré wọlé. "Màmá, tí ẹ̀rù bá bà á, ó máa ń dá ẹnu jíjẹ dúró, ṣùgbọ́n kì í tu koríko yẹn dà nù. Á dúró gbagidi tòun ti koríko lẹ́nu."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín Màmá Àdùkẹ́ nìyẹn. Ó ní, "O ṣeun. Bí ewúrẹ́ rẹ bá fẹ́ gbàdúrà nínú ìtàn, bó ṣe máa gbà á nìyẹn. Tòun ti koríko lẹ́nu."

Òfin rẹ̀ nìyẹn o. Ẹranko lè gbàdúrà nínú ìwé òun, ó lè kọrin, ó lè gba Ọlọ́run gbọ́ ju bíṣọ́ọ̀bù lọ, ṣùgbọ́n ẹranko ni yóò máa jẹ́. Nígbà kan mo kọ ọ́ pé, "Adìẹ kúnlẹ̀, ó di ojú rẹ̀." Màmá kà á, ó fà mí lọ́wọ́ dé ilé adìẹ. "Wọlé. Fi eékún adìẹ hàn mí." Họ́wù! Mo wọlé, mo di adìẹ mú, mò ń wá eékún rẹ̀ kiri lábẹ́ ìyẹ́, adìẹ ń fi ẹnu ṣá mí ní apá, Màmá dúró sí ẹnu ọ̀nà ó ń sọ pé, "Ṣé o ti rí i? Wá a dáadáa." Àpá ẹnu adìẹ yẹn ṣì wà lára mi títí dòní. Láti ọjọ́ náà, kò sí adìẹ tó kúnlẹ̀ nínú ìwé mi mọ́.

Ní gbogbo Sátidé, Màmá á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọmọ àdúgbò á jókòó, màá sì ka ìtàn tuntun fún wọn. Bí ọmọ kan bá dìde pé òun fẹ́ lọ tọ̀, Màmá á ní kí n tún ojú ewé yẹn kọ. Bí wọ́n bá dìde jọ, á gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, á lọ kó o sínú àdìrò. Ìtàn ọ̀pọ̀lọ́ àti sùúrù tí mo fi odindi oṣù kọ, òun ló fi se ẹ̀wà. Mo jẹ nínú ẹ̀wà náà. Ó dùn, mi ò ní parọ́.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó le ju gbogbo ìyókù lọ. Màmá ní Ìjàpá kò gbọdọ̀ wọ inú Ìwé Ẹranko láéláé. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àjíkẹ́, gbogbo ọmọ tó wà lórí ẹní yẹn, ẹsẹ̀ ìyá àgbà wọn ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi mọ Ìjàpá. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ pásítọ̀ lọ. Tí o bá ní Ìjàpá ronú pìwà dà, wọn á kàn máa wò ó kí wọ́n lè mọ ohun tó fẹ́ jí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, Ìjàpá ni gbogbo Ọ̀yọ́ ń pè é.

Wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Bàbá mi ní ajá pupa kan tó ń jẹ́ Tèmi-Ni. Orúkọ yẹn nìkan ti yẹ kó fu àwọn tó ń ra ajá náà lára. Bàbá á fà á lọ sí ìlú míì, á tà á fún ọdẹ tàbí àgbẹ̀, á sọ pé ajá náà gbọ́ràn ju ọmọ ènìyàn lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Tèmi-Ni á ti já okùn, á ti padà sílé, á máa ju ìrù níwájú Bàbá. Bàbá á gé ẹran fún un, wọ́n á sì tún múra ọ̀nà míì. Ó tà á ní Sábó, ó tà á ní Ìrẹsà, ó tà á fún káfíńtà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí tó ń jẹ́ Jékọ́bù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, okùn nìkan ni Jékọ́bù bá lára èèkàn. Ẹ fi Jékọ́bù yẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀.

Àgbẹ̀ tó rà á ní Ìrẹsà ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Nígbà tí ajá já, kò pariwo, ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé ajá náà títí dé Ọ̀yọ́. Bàbá ń jẹun lọ́wọ́. Ó rí Tèmi-Ni, inú rẹ̀ dùn. Ó wá rí ẹni tó wà lẹ́yìn Tèmi-Ni, òkèlè há a lọ́fun.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ kú oúnjẹ o." Ó bu omi mu, ó jókòó, ó fọwọ́, ó bá Bàbá jẹun. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó fi ọwọ́ pa ajá lórí, ó ní, "Ajá yìí mà fẹ́ràn yín o. Ẹ tà á, ó padà wá. Ẹ tún tà á, ó tún padà wá. Ẹlòmíì wà tí ẹ máa ń tà báyìí, tó sì ń padà wá bá yín. Ẹ ò tíì kí I káàbọ̀ rí." Ó dìde, ó ní kí Bàbá máa mú ajá rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Bàbá mi sunkún títí ọbẹ̀ fi dì nínú àwo. Nígbà tó yá, ó di ẹrù rẹ̀, ó fa Tèmi-Ni lọ́wọ́, ó wá bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òun ti fi ayé òun fún Jésù. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ra ajá yẹn. Ó kan ilẹ̀kùn Jékọ́bù káfíńtà. Jékọ́bù yọjú, ó rí òun àti ajá, ó kígbe pe ìyàwó rẹ̀ pé, "Ẹ wá wò ó o, ó tún ti gbé e wá tà!" Ló bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú.

Jékọ́bù yìí ló di alàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ló sì ń gbé igbá ọrẹ. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé igbá á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n tó bá ti ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, Alàgbà Jékọ́bù á wọ àárín ìlà fúnra rẹ̀, á gba igbá, á fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Bàbá á na apá láti òkèèrè, á ju ọrẹ tirẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni ń ju àgbàdo sí adìẹ. Alàgbà á tún gbé e kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e.

Bàbá kì í bínú. Ṣùgbọ́n tí a bá délé lọ́jọ́ Ìsinmi, á ní, "Àjíkẹ́, ìgbà wo ni wọ́n máa jẹ́ kí n di igbá yẹn mú?"

"Bàbá, igbá lásán ni."

"Kì í ṣe igbá lásán. Gbogbo ènìyàn ló ń dì í mú. Ọmọ ọwọ́ pàápàá ń dì í mú."

Òun ló wá sọ pé kí n kọ ìtàn tí Ìjàpá máa ti ronú pìwà dà. Ó ní bí àwọn ọmọdé bá lè gba Ìjàpá gbọ́, àwọn àgbà ò ní pẹ́ tẹ̀ lé wọn. Mo kọ ọ́. Màmá Àdùkẹ́ kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní kò ní wọ ìwé òun. Bàbá lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin kékeré yẹn, Tèmi-Ni náà sì na ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde. Ẹ lọ ṣe é ní eré níbi ìkórè. Ojú yín á rí i."

Ojú wa rí i. Bàbá ló ṣe Ìjàpá. A gba apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n fi ń kó ọsàn, a lẹ ìwé mọ́ ọn, a fi èédú ya igun igun sí i lára, a dá ihò sí i tí Bàbá máa yọ orí síta. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ṣe àgùntàn, òwú ló bò wọ́n lára. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kún fún iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àkùkọ tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀. Mo dìde, mo sì ṣe ohun tí ọmọ Yorùbá kankan ò gbọdọ̀ ṣe tó bá fẹ́ kí wọ́n gba Ìjàpá gbọ́. Mo ní, "Ààlọ́ o!"

Gbogbo ọmọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní, "Ààlọ̀!" Ojú wọn là kedere. Wọ́n ti mọ ohun tó ń bọ̀.

Ìjàpá wọ́ wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wọ́ dé iwájú, ó dúró, ó ní, "Ẹ̀yin àgùntàn Olúwa, mo ti ronú pìwà dà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọ agbo yín." Ohun tí mi ò kíyè sí ni pé apẹ̀rẹ̀ ti yí díẹ̀, ihò orí rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí iṣu wà.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sí i. "Irọ́ ni! Iṣu yẹn ló ń wò!"

Yéè! Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. "Iṣu ló ń wò! Ẹ mú un!" Àwọn ọmọ tú jáde láti orí ìjókòó, àwọn kan lọ jókòó lé iṣu lórí kó má baà gbé e, àwọn kan di apẹ̀rẹ̀ mú lẹ́yìn. Àgùntàn bọ́ òwú sílẹ̀, wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lé Ìjàpá. Àkùkọ já okùn, ó fò gun àtẹ̀gùn pẹpẹ, ó ń kọ. Apẹ̀rẹ̀ yí gbirigbiri, ó fà ya, bàbá mi sì bọ́ síta, èédú ní imú, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Ìgbà yẹn ni àwọn àgbà tó mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Alàgbà Jékọ́bù dìde. "Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọn ọmọdé pàápàá mọ̀!"

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń tẹ dùùrù fi gbé orí lé e. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbọn èédú kúrò lára, ó jáde, ó gbàgbé òrùka apẹ̀rẹ̀ sí ọrùn. Mo bá a nílé, ó jókòó ti Tèmi-Ni. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi kejì, mo rò pé kò ní lọ mọ́. Ó wẹ̀, ó wọ agbádá rẹ̀, ó lọ jókòó sí àyè rẹ̀, ó sì na apá láti òkèèrè.

Mo lọ bá Màmá Àdùkẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìwọ lo jẹ́ kó fi ẹnu sọ ọ́. Ẹnu ni Ìjàpá fi ń mú wọn láti ọjọ́ tó ti wà láyé. Ta ló máa gba ẹnu rẹ̀ gbọ́?"

"Kí wá ni kó fi ṣe é, mà?"

"Mi ò mọ̀. Ṣé o ti jókòó tì í bí o ṣe jókòó ti ewúrẹ́?"

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo máa fi ṣe. Ọdún ń gorí ọdún. Tèmi-Ni kú, a sin ín sẹ́yìn ilé, Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ náà. Màmá Àdùkẹ́ náà sùn nínú Olúwa, ó fi ẹní àti Ìwé Ẹranko sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí la fi ń tẹ̀ ẹ́, yíǹkì rẹ̀ a máa ta sí mi lójú títí àwọn ọmọ ọjà fi ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́yíǹkì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tàìpúráítà dé, tí kì í lọ àfi tí o bá nà án. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà, tó máa ń gbé ìtàn mì nígbàkigbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ní báyìí, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Láìpẹ́ yìí ọmọ ọmọ mi sọ fún fóònù rẹ̀ pé kó ya ewúrẹ́ tó ń gbàdúrà, ó sì yà á kí n tó pajú dé. Ó rẹwà o! Mo ní, "Ka ẹsẹ̀ rẹ̀." Ó kà á, ó jẹ́ márùn-ún. Ó ní, "Gírándímà, ẹ má bínú, ẹ̀rọ ló yà á." Mo ní kí ẹ̀rọ náà lọ jókòó ti ewúrẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bàbá. Àgbà ti dé sí i nígbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, adìẹ òpìpì Alàgbà Jékọ́bù sọnù. Ẹ mọ òpìpì, adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ò pọ̀, tó dà bí ẹni tó jáde láìwọ aṣọ tán. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Alàgbà dúró ní gbangba, ó ní, "Ìjàpá ti jẹun nìyẹn." Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi. Ọ̀rọ̀ Màmá Àdùkẹ́ wá sọ sí mi lọ́kàn, mo sì ní lónìí ni màá jókòó ti Ìjàpá tèmi. Nígbà tí Bàbá mú ọ̀pá rẹ̀ jáde, mo rọra tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀nà Sábó, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, ta la rí? Òpìpì! Bàbá dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ kó gbé e, ló bá yára fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rí Ìjàpá pẹ̀lú adìẹ Jékọ́bù lọ́wọ́, ó parí! Ló bá ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn tòun ti ọ̀pá, ó bọ́ sẹ́yìn adìẹ, ó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ṣọ́ọ̀. Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ṣọ́ọ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Adìẹ wọ inú ilé onílé, Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà dè é. Adìẹ sùn lábẹ́ ọkọ̀, Bàbá jókòó sórí òkúta dè é. Adìẹ bọ́ sí títì, Bàbá sáré na ọ̀pá sókè, ó dá ọlọ́kadà dúró gìdìgbà. Ọlọ́kadà ní, "Bàbá, adìẹ yín ni?"

"Kì í ṣe tèmi o!" ni Bàbá kígbe. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí! Ẹ jẹ́rìí mi, mi ò fọwọ́ kàn án!"

Oòrùn ti kan àtàrí kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà Alàgbà Jékọ́bù. Òpìpì dúró, ó wo inú ilé, ó wo Bàbá, ó tún yíjú padà. Bàbá ní, "Nítorí Ọlọ́run." Adìẹ bá wọlé. Bàbá mi, arúgbó yẹn, fò sókè bí ọmọ tó gbá góòlù wọlé. Ìgbà tó yí padà ló rí èmi tí mo ń fi etí aṣọ nu omijé àti ẹ̀rín pọ̀.

Ó ní, "Àjíkẹ́, má sọ o. Tí o bá sọ, wọ́n á ní èmi náà ni mo kọ́kọ́ jí i."

Mi ò sọ. Mo kọ ọ́ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé mo tẹ́ ẹní Màmá Àdùkẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn. Mi ò pe ààlọ́ kankan. Mo ní, "Adìẹ òpìpì kan sọnù nínú igbó, Ìjàpá sì rí i." Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n pariwo, "Á jẹ ẹ́!" Mò ń ka tèmi lọ. Nínú ìtàn yẹn, Ìjàpá ò la ẹnu rẹ̀ rárá. Ó kàn ń tẹ̀ lé adìẹ lọ sílé. Nígbàkigbà tí adìẹ bá sún mọ́ ọn, á yára fa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àti orí wọ inú karaun, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun fọwọ́ kàn án. Òjò pa á, òkúta gbé e ṣubú. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ọmọkùnrin kan tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ń jó lórí ìjókòó, ó di abẹ́ mú, kò dìde.

Adìẹ wá délé. Gbogbo ẹranko jáde, wọ́n rí Ìjàpá lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní, "A mọ̀! Òun ló gbé e! Ẹ lé e kúrò nínú ìjọ!"

Ìbùkún, ọmọ ọmọ Alàgbà Jékọ́bù, fò dìde lórí ẹní. "Kì í ṣe òun!" Gbogbo wọn dìde. "Kì í ṣe Ìjàpá! Kò fọwọ́ kàn án! Ó ń mú un bọ̀ wálé ni!" Wọ́n ń ké, wọ́n ń na ọwọ́ sí àwọn ẹranko tí kò sí níbẹ̀, àwọn kan ń sunkún. Mo wo ẹ̀yìn. Bàbá mi ti fi fìlà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìyàwó Alàgbà ló sọ ìyókù fún mi. Ìbùkún délé, ó dúró níwájú bàbá àgbà rẹ̀ tó ń jẹun. "Bàbá àgbà, ọjọ́ tí òpìpì wa sọnù, ta ló mú un padà wá?" Alàgbà ní òun ò mọ̀, pé ó kàn wọlé fúnra rẹ̀ ni. Ọmọ náà ní, "Òpìpì? Òpìpì tí kò mọ ọ̀nà ilé ìdáná?" Ọkùnrin náà fi òkèlè sílẹ̀ nínú àwo, kò jẹun mọ́.

Ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ wọ irú iṣẹ́ yìí. Tí ẹ bá fẹ́ owó, ẹ lọ ṣe nǹkan míì. Tí ẹ bá lè jókòó ti ewúrẹ́, ẹ wá, ẹní yẹn ṣì ń bẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kí ẹ máa lọ sílé.

Orin ọrẹ bẹ̀rẹ̀. Igbá ń bọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Alàgbà Jékọ́bù wọ àárín ìlà bó ṣe máa ń ṣe, ó gba igbá, ó dé iwájú bàbá mi. Bàbá na apá láti òkèèrè. Alàgbà dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé igbá ọrẹ lé bàbá mi lẹ́sẹ̀, tòun ti ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Ó sì yíjú padà, ó lọ jókòó sí àyè rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Orin kú lẹ́nu àwọn akọrin. Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wo igbá. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara ìjókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igbá mú, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí iwájú pẹpẹ. Kò yára rárá. Ẹsẹ̀ kan, á dúró. Ẹsẹ̀ kan, á dúró. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó rẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ dìde ràn án lọ́wọ́. Láti ibi tí àwọn ọmọdé jókòó sí, Ìbùkún kígbe, "Ìjàpá, rọra o!" Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn yàtọ̀ sí ti ọjọ́ ìkórè. Àwọn ènìyàn tún orin gbé, wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ibi tó ń lọ.

Nígbà tí a délé, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ ló ń dùn yín ni? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń rìn báyẹn?"

Ó ní, "Ẹsẹ̀ kankan ò dùn mí. Mo fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi ni."